Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ni Ọ̀rẹ́ Bàbá Mi Lọ Sánmà

Ní gbogbo Sọ́ńdè, tí bàbá mi bá ti kírun Àsàrí tán, wọn á dé fìlà wọn, wọn á gbé àga lọ sí ẹ̀yìn ilé wa ní Bódìjà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dára díẹ̀, wọn á sì jókòó máa dúró de ìpè láti Rọ́ṣíà. Ẹni tó ń pè wọ́n ti lọ sí ojú sánmà rí. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò rò pé mo ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń bá ènìyàn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti sú mi. Ọ̀kan lára àwọn tí ìjọba Rọ́ṣíà ayé àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Sófíẹ́tì nígbà náà, fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé lọ sókè ni. Kì í ṣe ara àwọn tí orúkọ wọn kún inú ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lọ. Ìdí tí kò fi lọ lẹ́ẹ̀kejì, bàbá mi kò sọ fún wa, àwa náà kò sì béèrè.

Ọ̀rẹ́ wọn yìí fi ọdún díẹ̀ ju bàbá mi lọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ní kí wọ́n yé bá òun sọ̀rọ̀ bí ọmọdé ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwa ọmọ náà fi ń pè é ní "ó". Bí a ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wa la ṣe mú un.

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyí. Ìjọba ló rán bàbá mi lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Rọ́ṣíà nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Inú agbo ilé Mùsùlùmí kan láàárín Ìbàdàn ni wọ́n ti dìde lọ, agbo ilé tí ẹni tó bá ti dé Kánò lẹ́ẹ̀kan á máa fi ìtàn rẹ̀ jẹun fún ọdún kan gbáko. Lọ́jọ́ kan ni àwọn olùkọ́ wọn mú ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sánmà dé wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù ń béèrè ìbéèrè ọlọ́gbọ́n. Bàbá mi dìde, wọ́n ní ṣé ó rí Ìbàdàn. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n wá fi ibẹ̀ han òun lórí máàpù. Nígbà tó rí i, ó ní òun gba orí ibẹ̀ kọjá, àìmọye ìgbà pàápàá.

Bàbá mi ní, "Ẹ wá gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá, ẹ ò kí wa? Nílé wa, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó rí onílé fín ni."

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi ní ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin ojú sánmà ni, ó gbé àpò ọ̀dùnkún òyìnbó dání. Ó ní òun wá kí àwọn ará Ìbàdàn. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Bàbá mi máa ń fi òwe yìí yangàn, wọ́n ní àwọn ti lo ogún ọdún náà ní ìlọ́po méjì, eré náà kò sì tíì sú àwọn.

Mi ò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà ju ìkíni lọ, síbẹ̀ mo mọ ìgbésí ayé ọkùnrin yìí ju ti àwọn kan nínú ẹbí mi lọ, nítorí pé kì í sú bàbá mi láti máa rò ó. Abúlé kan tí òjò dídì máa ń bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ lọ sógun, kò padà, nígbà tí òun ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bàbá mi ló máa ń sọ "lẹ́yìn ìyá rẹ̀" o, bí ẹni pé àwọn òyìnbó náà ń pọn ọmọ. Èèpo ọ̀dùnkún ni ìyá náà ń sè fún un jẹ. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ irin ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe katakata, tó bá di ìrọ̀lẹ́, á lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Ibẹ̀ ló gbà di ọmọ ogun ojú òfuurufú. Lọ́jọ́ kan, àwọn kan tí kò mọ̀ rí wá sí bárékè wọn, wọ́n ní ṣé ó wù ú láti wa ohun tuntun kan. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò béèrè pé kí ni. Wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó rẹ̀.

Ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, wọ́n á dè é mọ́ àga kan, àga náà á máa yí bírí títí yóò fi bì. Wọ́n tì í mọ́ yàrá kan tí ìró kankan kò lè wọ̀, òun nìkan, ọjọ́ gbọọrọ, láti mọ̀ bóyá orí rẹ̀ máa dàrú. Ó kọ gbogbo orin tí ìyá rẹ̀ mọ̀. Nígbà tó kọ wọ́n tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn dókítà tó ń gbọ́ ọ láti ìta ní ohùn rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé.

Èyí tó máa ń dun bàbá mi jù nínú ìtàn náà ni ti ìdúró. Ẹni méjì-méjì ni wọ́n máa ń múra sílẹ̀, ẹni tó máa lọ àti ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ bí nǹkan bá ṣe é. Àwọn méjèèjì á jọ wọ aṣọ, wọ́n á jọ wọ bọ́ọ̀sì dé ẹsẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ara ẹni àkọ́kọ́ bá le, ẹnìkejì á padà, á bọ́ aṣọ, á lọ jẹun. Ìgbà tó ṣe èyí kò ṣe é kà. Wọ́n á ní kó fọkàn balẹ̀, tirẹ̀ ń bọ̀. Bàbá mi ní ńṣe ló dà bí ẹni tó ń wọ aṣọ ìgbéyàwó lọ sí ìgbéyàwó ẹlòmíràn.

Nígbà tó wá kàn án nígbẹ̀yìn, ó gòkè. Òun àti ẹnìkan ló jọ gbé inú ilé onírin kan tí kò fẹ̀ ju kíṣíìnì wa lọ. Wọ́n á so ara wọn mọ́ ògiri kí wọ́n tó sùn. Wọ́n gbin àlùbọ́sà sínú ife, nígbà tó yọ ewé, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́ nínú àwọn méjèèjì, nítorí òun ni ohun ẹlẹ́mìí kẹta tó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí pápá gbalasa kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ẹni tí ó gòkè bí akọni, ọwọ́ ni wọ́n fi gbé e bí ọmọ ọwọ́.

Ó wá sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo wà ní kékeré, pẹ̀lú àwọn àlejò kan tí yunifásítì pè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rọ́ wá láti Agbowó débi pé wọ́n ń dúró sí ojú fèrèsé gbọ̀ngàn. Nígbà tó parí, bàbá mi mú un wá sílé. Màmá bàbá mi ti agbo ilé wá wò ó. Mo rántí pé gbogbo wa ń retí kí wọ́n béèrè nǹkan ńlá. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, "Ta ló ń se oúnjẹ fún ọ lọ́hùn-ún?" Bàbá mi túmọ̀ rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó ń sè é, inú ike ni àwọn ti ń fún oúnjẹ sẹ́nu bí ọṣẹ ìfọyín. Màmá bú sẹ́kún. Wọ́n gbá a mú, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ìyá rẹ ò sì gbọ́!" Ọkùnrin òyìnbó gíga náà tẹrí ba sí èjìká màmá, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, gbogbo wa sì ń wo ilẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó di àgbàlagbà tó ń gbin ọ̀dùnkún àti kùkúńbà sẹ́yìn ilé. Màmá mi kú. Àbúrò mi ọkùnrin kó lọ sí Kánádà. Ọkàn bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn láàmú, èmi náà sì kó padà sílé ní Bódìjà láti máa tọ́jú wọn, láti ibẹ̀ ni mo ti ń wọ takisí lọ sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ring Road. Dókítà ní ká má ṣe jẹ́ kí ohun òjijì kankan bá wọn. Gbogbo ohun tó kù tí wọ́n ń fojú sọ́nà fún kò ju ìpè ọjọ́ Sọ́ńdè lọ. Ohùn nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́, nítorí ọ̀rẹ́ wọn kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun lórí fóònù. Ó ní òun ti gbó jù.

Sọ́ńdè kan báyìí, ṣáájú ọyẹ́ tó kọjá, mo rí i pé ìpè náà kò pẹ́. Bàbá mi wọlé, fìlà wọn wà lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ àwọn tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn sánmà, àwọn sì ṣe ẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo lọ, ariwo rẹ̀ ò tíì tán títí dòní. Èmi tí mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú àìmọye ìgbà, ṣé o gbọ́ kí n pariwo?" Wọ́n ní àwọn ń retí kó dá a padà fún àwọn bó ṣe máa ń ṣe. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ni." Ó ní ó ti rẹ òun, kí wọ́n bá òun kí mi. Ló bá pa fóònù.

"Bóyá ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, Dádì," ni mo wí. Iṣu ni mo ń bẹ lọ́wọ́, mi ò ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ring Road nígbà tí fóònù mi dún. Ọmọ ọ̀rẹ́ wọn obìnrin ni, èmi àti ẹ̀ máa ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ara wa nígbà ọdún. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Bàbá rẹ̀ sùn, kò jí mọ́.

Bí ẹ bá bi mí, ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe kò ju pé mi ò lọ tààrà sílé lọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí wa, ẹnìkan kì í dá túfọ̀ fún àgbàlagbà. O gbọ́dọ̀ wá ènìyàn. Mo pe àbúrò bàbá mi, Àlàájà, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàngó. Kí n tó dé Bódìjà, Àlàájà ti dé, wọ́n ń dúró dè mí lẹ́nu géètì, wọ́n sì ti bá mógàjí agbo ilé wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mógàjí ti pa àṣẹ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Àlàájà ní, "Ṣé o fẹ́ pa bọ̀ọ̀dá mi ni? O ò gbọ́ ohun tí dókítà wí? Ṣé o ti gbàgbé bí a ṣe ṣe fún ìyá wa?"

Mi ò gbàgbé. Nígbà tí àbúrò bàbá mi ọkùnrin kú, wọ́n sọ fún màmá àgbà pé ó ti lọ ṣòwò ní Kánò. Bàbá mi gan-an ni olórí irọ́ náà. Gbogbo Iléyá ni wọ́n máa ń ra aṣọ wá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní ọmọ yín tó wà ní Kánò ló fi ránṣẹ́. Màmá á gbàdúrà fún òkú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àdúrà yẹn ló wà lẹ́nu wọn dìgbà tí àwọn náà kú, ẹbí wa sì ń sọ ọ́ bí iṣẹ́ àṣeyọrí. Nínú ẹbí wa, a kì í fi ikú han ẹni tó bá ti gbó tàbí tó ń ṣàìsàn. A máa ń fi ìrìn àjò bò ó.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo ń fi ẹ̀rọ wo ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n níwájú mógàjí àti Àlàájà, ọmọdé ni mí. Mo ní, "Ó dáa, mà."

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Sọ́ńdè àkọ́kọ́, a ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára. Sọ́ńdè kejì, a ní fóònù ọ̀rẹ́ wọn bàjẹ́. Nígbà tó yá, Àlàájà ní ó lọ sí abúlé rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àbúrò mi pè láti Kánádà, láìmọ ohun tí a ti sọ, ó ní òun gbọ́ pé ó wà nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò le. Bàbá mi ní kí n bá wọn pe ọmọ ọ̀rẹ́ wọn. Mo ní ọmọ náà rìnrìn àjò. Wọ́n ń wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò jiyàn. Ojú ń tì mí débi pé mo máa ń wá iṣẹ́ ṣe nínú kíṣíìnì.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní, "Ẹ yé da ara yín láàmú. Òun ló ní kí ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ń bínú sí mi."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá sọ ìdí tí ọ̀rẹ́ wọn fi lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ti yàn án fún ìrìn àjò kejì. Ó ti múra sílẹ̀ fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ìrọ́pò mọ́, òun gan-an ló ń lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, àwọn dókítà fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀, wọ́n rí i pé kò lù déédéé. Wọ́n fi ẹni tó kéré sí i rọ́pò rẹ̀. Ó bá ẹni náà wọ bọ́ọ̀sì dé ẹsẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń pa á lẹ́rìn-ín lọ́nà kí ẹ̀rù má bàa bà á. Nígbà tó padà, ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, inú ọ́fíìsì ló jókòó sí, tó ń kọ́ àwọn tó máa lọ. Bàbá mi nìkan ló sọ ọ́ fún.

"Mo mọ ojú egbò náà," ni bàbá mi wí, "ibẹ̀ ni mo sì fi ìka bọ̀. Ẹyin lohùn. Ó jù mí lọ, mo ń bá a ṣàwàdà bí ẹgbẹ́ mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Ká ní mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ti bẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀."

Wọn ò jẹun dáadáa mọ́. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn ilé, wọ́n á máa kùn ní èdè Rọ́ṣíà, wọ́n á mi orí, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀. Mo lọ bá Àlàájà ní Ṣàngó, mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn páálí ọjà, mo ní ohun tí a ń sá fún ni a ń ṣe yìí. Àlàájà náà sunkún. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, bọ̀ọ̀dá kan ṣoṣo tó kù fún wọn láyé nìyẹn, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Ìbínú ọ̀rẹ́ kì í pa àgbàlagbà. Ikú ọ̀rẹ́ ló ń pa á." Mo wọ takisí padà sílé, inú ń bí mi, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí.

Ọmọ ọ̀rẹ́ wọn kò lóye wa rárá. Ó ní ní ọ̀dọ̀ àwọn, tí ènìyàn bá kú, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n á pé jọ yí oúnjẹ ká, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kó má dá wọn lóhùn, ohun yòówù kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ó gbà fún mi. Ó ṣì ń fi iná sí fóònù bàbá rẹ̀, nítorí kò lè mú ọkàn le láti pa á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni bàbá mi wọ aṣọ Jímọ̀, wọ́n dé fìlà, wọ́n ní kí n bá àwọn gba ohùn àwọn sílẹ̀ lórí fóònù, kí n fi ránṣẹ́. Mo tẹ ibi tó yẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní èdè Rọ́ṣíà, jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ "Ìbàdàn" nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n gbá ọwọ́ mi mú, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga. Mo rò pé òòyì ló ń kọ́ wọn. Àṣé wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀ ni.

Mo sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Dádì, kò rí yín o."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ohùn máa ń yàtọ̀ tí ènìyàn bá wà nílẹ̀."

Mo dì wọ́n mú títí àyà wọn fi kan sìmẹ́ńtì. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu wọn, wọ́n sì parí ẹ̀bẹ̀ náà níbẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ pé òkú ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún, èmi náà ni mo di fóònù mú fún wọn. Mo bá wọn gbọn aṣọ nígbà tí wọ́n dìde, mo sì fi ohùn náà ránṣẹ́.

Bàbá mi kò lè ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àwọ̀. Wọ́n mọ̀ pé àmì méjì tó máa ń wà lábẹ́ ohun tí a bá fi ránṣẹ́ máa ń di búlúù tí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí bá ti ṣí i. Wọ́n gbé fóònù lé orí itan, wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Mo wà nínú ilé nígbà tí wọ́n pariwo orúkọ mi. Mo sáré jáde.

"Ó ti di búlúù! Ó ti ń gbọ́ ọ!"

Mo wò ó. Búlúù ni lóòótọ́. Ọmọ yẹn kò lè gba ara rẹ̀, ó fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Mo ti ní kó má fèsì, mi ò rántí sọ pé kó má ṣí i. Bàbá mi gbé fóònù sí etí bí ẹni pé èsì ti wọlé. Wọ́n pe ìrun Màgàríbì, bàbá mi ò dìde. Ó ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, ẹ̀fọn ń jẹ wá, àwa méjèèjì ń wo fóònù.

Wọ́n wá ní, "Ó gbọ́ ọ tán. Kò sì dá mi lóhùn."

Bí wọ́n ṣe wí i ni mi ò lè gbàgbé. Kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Ńṣe ló dà bíi pé ẹjọ́ ti parí, wọ́n sì gbà pé àwọn ló jẹ̀bi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò pe Àlàájà, mi ò pe mógàjí. Mo gbé ògì wọn wá, mo gbé e kalẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Dádì, ẹ dáríjì mí. Ọ̀rẹ́ yín ti kú."

Wọ́n ní, "Nígbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn náà ni. Kò bínú sí yín. Àárẹ̀ ló mú un."

Wọ́n mú fóònù lórí tábìlì, wọ́n fi ìka tọ́ka sí àmì náà. "Ta ló wá ṣí èyí?"

"Ọmọ rẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ rẹ̀ tí o ní ó rìnrìn àjò?"

"Kò rìnrìn àjò. Irọ́ ni mo pa."

"Ó gbọ́ bí mo ṣe ń bẹ bàbá rẹ̀, kò lè sọ fún mi pé bàbá òun ti kú?"

"Èmi ni mo ní kó má sọ ọ́, Dádì. Wàláhì, èmi ni."

"Má búra," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọwọ́ náà tutù, ó sì rọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ẹ̀rín tí ènìyàn fi ń wo ọmọ tó gbé ẹ̀bùn kékeré wá. Mo ti sọ òótọ́ tán, kò sì wọlé. Mo fa fóònù mi yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà ọmọ náà.

Wọ́n fi ọwọ́ bo fóònù náà. "Má pè é. Má kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí ara tù mí, o ṣeun. Ẹ ti ní ó lọ sábúlé, ẹ ti ní ó wà nílé ìwòsàn, mo gbà á bẹ́ẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n èyí ti pọ̀ jù."

"Dádì..."

"Bó bá ń bínú, jẹ́ kó máa bínú. Ó sàn kó wà láàyè kó máa bínú sí mi. Má torí tèmi pa á."